Wọ́n Fo Èkó Dá: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn Ẹlẹ́sẹ̀ Lórí Dókítà Conan Doyle ní Portsmouth

Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin san £18 ẹnì kọ̀ọ̀kan láti bá àwọn mẹ́sàn-án mìíràn rìn kiri Southsea, ní ìlú Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún wákàtí méjì àti ààbọ̀, lẹ́yìn amọ̀nà kan tó ń fi ibi tí Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, ti ṣiṣẹ́ dókítà han àlejò. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ló ń ṣètò ìrìn náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ti kọ lẹ́tà sí wọn fúnra wọn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin yìí. Dókítà ni èmi náà. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́, agbègbè Hampshire ni mo ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́jọ wá, mo sì máa ń kọ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá ní alẹ́ tí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èkó, ó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Àwa méjèèjì kò lọ wo ilé ẹni tó gbajúmọ̀ lásán. A fẹ́ mọ bí ẹnì kan ṣe lè máa tọ́jú aláìsàn lọ́sàn-án kí ó sì máa kọ ìtàn lálẹ́, kí ọ̀kan má baà pa èkejì.

Orúkọ Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn, ti gbòde débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí pé dókítà ni ẹni tó dá a sílẹ̀. Amọ̀nà wa, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ga tó sì mọ ilẹ̀ ìlú náà bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Ó sọ fún wa pé ní Edinburgh ni wọ́n bí Conan Doyle, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, ọdún 1859. Pé bàbá rẹ̀ ń yàwòrán ṣùgbọ́n ọtí borí rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, tó fi jẹ́ pé ìyá ló gbé ilé náà ró. Àti pé ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Edinburgh ní 1876, ó sì parí ní 1881. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tó mú mi dúró sójú kan lójú pópó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1879, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ogún ọdún, ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kan. Nínú oṣù yẹn kan náà ni ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde, níbi tó ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń mu omi gelsemium, ewéko olóró kan tí wọ́n fi ń wo ẹ̀fọ́rí tó ń ta bí iná, tó sì ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ lójoojúmọ́ láti mọ ibi tí ara lè gbà á dé. Orí fọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru mú un, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Inú oṣù kan náà ni wọ́n ti bí dókítà àti òǹkọ̀wé yẹn, bí ìbejì. Mo gba amọ̀nà náà ní ọ̀gá nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, torí ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn ọkùnrin náà kì í rántí rẹ̀.

Ibi tí a kọ́kọ́ dúró sí pẹ́ ni òpópónà Elm Grove. Níbẹ̀ ni ilé Bush Villas wà nígbà náà, àárín ilé ìjọsìn kan àti òtẹ́ẹ̀lì kan, kí bọ́ǹbù ogun tó wó o ní ọdún 1941. Ilé gbígbé ló wà níbẹ̀ báyìí, tí àmì ìrántí sì wà lára ògiri. Ẹni tó bá ń retí láti wọ yàrá tí dókítà náà jókòó sí yóò ní ìjákulẹ̀, ó sì yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà sọ èyí gbangba nínú ìpolówó wọn. Àmọ́ amọ̀nà wa mọ bí a ti ń fi ẹnu kọ́ ilé. Ó ní kí a fojú inú wo ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tó gúnlẹ̀ sí ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní oṣù kẹfà 1882, tí owó tó wà lápò rẹ̀ kò pé £10, tó sì gba ilé tí owó rẹ̀ jẹ́ £40 lọ́dún. Ó lọ sí ọjà gbàǹjo, ó ra ìwọ̀nba tábìlì àti àga tó lè mú kí yàrá iwájú dà bí yàrá dókítà, ó fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ilé náà ṣófo pátápátá. Ó gbé àtùpà pupa kọ́ síta, èyí tí í ṣe àmì dókítà nígbà náà. Alẹ́ ló máa ń jáde lọ nu pátákó idẹ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò má baà rí i pé kò ní ọmọ ọ̀dọ̀.

Láìpẹ́ ó mú Innes, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, wá sọ́dọ̀, ọmọ yẹn ni ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún aláìsàn. Ẹnì kan tó ń ta oúnjẹ ládùúgbò ní àrùn wárápá, gbogbo ìgbà tí àrùn náà bá sì ti gbé e, bọ́tà àti tíì yóò dé ilé dókítà. Owó tó rí ní ọdún kìíní jẹ́ £154; ní ọdún kejì ó di £250; ó sì dúró sí nǹkan bí £300, kò kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ọ́fíìsì owó orí dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà tí wọ́n kọ sí i pé iye náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn rárá, ó kọ èsì sí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lára òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun mọ dókítà kan ní Mushin ní 1986 tí wọ́n máa ń fi adìyẹ sanwó fún, tí ìyàwó rẹ̀ sì ní láti tà á kí wọ́n tó lè san owó iná. Amọ̀nà náà dúró gbọ́ ìtàn yẹn tán, ó sì dúpẹ́. Èyí jẹ́ ara ohun tó wù mí jù nípa rẹ̀: kò kánjú mọ́ àlejò lẹ́nu.

Ó tún ṣe dáadáa lórí ọ̀rọ̀ Joseph Bell, oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ Conan Doyle ní Edinburgh, ẹni tí gbogbo ayé gbà pé lára rẹ̀ ni Holmes ti jáde. Ọkùnrin kan wọlé síwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kò tíì sọ nǹkan kan, Bell sì wí fún un pé ológun ni, pé kò tíì pẹ́ tó kúrò, pé ẹ̀ka ológun àwọn ará òkè Scotland ló wà, àti pé Barbados ni wọ́n fi í sí. Ọkùnrin náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Bell wá ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ó bọ̀wọ̀ fún wa ṣùgbọ́n kò ṣí fìlà, torí ológun kì í ṣí i, bó bá sì ti pẹ́ tó kúrò ni, ì bá ti kọ́ ìwà àwọn ará ìlú, ó ń rìn bí ẹni tó ti pàṣẹ rí, ará Scotland sì ni ní gbangba, ní ti Barbados, àrùn jàbùtẹ̀ ló ń ṣe é, èyí tí kò sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amọ̀nà wa ṣe eré náà pẹ̀lú ọ̀kan lára àwọn àlejò, ó sì yọ.

Ohun tí n kò gbà ni bí ó ṣe gbé e kalẹ̀, bí ẹni pé idán ni Bell ń pa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà ibi ìgbàlejò aláìsàn ní UCH, Ìbàdàn, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ̀ pé nọ́ọ̀sì àgbà máa ń rí i láti ọ̀nà tí orí ọmọ gbà fara lé èjìká ìyá rẹ̀ bóyá ọmọ náà lè dúró de ti ara rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e wọlé kíákíá, kí ẹnikẹ́ni tó fi tẹmómítà sí i lábẹ́ apá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ohun tí Conan Doyle mú nínú yàrá Bell lọ sínú ìtàn ni ojú tí iṣẹ́ ìṣègùn ń là fúnni. Ẹ tún wo bí àwọn ìtàn Holmes ti rí: ẹnì kan wọlé, ó jókòó, ó sọ ohun tó ń ṣe é, a bi í ní ìbéèrè, a wo ara rẹ̀, a wo ọwọ́ àti bàtà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a sọ ohun tó fa wàhálà náà. Ẹni tó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Watson, dókítà ni. Bí dókítà ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn, tí ó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì, ni ìtàn náà rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kù díẹ̀ káàtó lójú mi ni ìtàn Jack Hawkins. Ní oṣù kẹta 1885, dókítà mìíràn pe Conan Doyle wá wo ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ẹni tí àrùn yírùnyírùn ń ṣe. Kò sí ilé àlejò tó lè gba ẹni tí gìrì ń mú lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà Conan Doyle gbé e wá sí ilé ara rẹ̀. Kò lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀ kó tó kú, òkú sì jáde láti inú ilé dókítà tuntun lójú gbogbo àdúgbò. Ká ní kò ṣe kòńgẹ́ pé dókítà kejì ti wo aláìsàn náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò sí bí ẹnu ayé kò ṣe ní gba ibẹ̀ kọjá. Louisa, arábìnrin olóògbé, ni Conan Doyle fẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Amọ̀nà wa sọ gbogbo èyí bí ìtàn ìfẹ́, ó sì parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Lójú tèmi, ibi tí ó yẹ kí a ti dúró pẹ́ jù lọ nìyẹn. Dókítà tí kò tíì lówó lọ́wọ́ gbé ikú wọ ilé ara rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ gba aláìsàn yẹn. Kò sí dókítà tí aláìsàn kò tíì kú mọ́ lọ́wọ́, kálukú wa ló sì rántí orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni Edinburgh fún un ní oyè MD, èyí tó ga ju oyè ìṣègùn àkọ́kọ́ lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ ìtàn Holmes àkọ́kọ́. Ó tà á pátápátá ní £25, ó sì jáde ní 1887. Kò gba kọ́bọ̀ mìíràn lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó rà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù, tó sì mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí, ni ohun tí wọ́n fò dá. Amọ̀nà náà ní lẹ́yìn tí Conan Doyle jáde ní yunifásítì, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Plymouth, wọ́n jà, ó sì wá sí Southsea. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá, ó ní: "Àbúrò mi, ìwọ lo sọ fún mi pé ọkùnrin yìí dé Èkó. Ṣé wọn ò ní sọ tiwa ni?" Mo ní: "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀ níbẹ̀." Wọn kò dé ibẹ̀ títí ìrìn náà fi parí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè, amọ̀nà náà ní òun mọ ti ọkọ̀ ọdẹ àbùùbùtán tí Conan Doyle bá lọ sí òkun yìnyín àríwá ní 1880, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ pé ó bá ọkọ̀ kankan lọ sí Áfíríkà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú òótọ́ inú, n kò sì dá a lẹ́bi púpọ̀. Bóyá ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́ ni kò dárúkọ rẹ̀.

Èyí ni ohun tí wọ́n fò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá, ọdún 1881, ọkọ̀ Mayumba kúrò ní Liverpool, ó ń kó èrò àti ẹrù lọ sí àwọn èbúté Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Conan Doyle sì ni dókítà inú rẹ̀. Kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ya Sierra Leone, ó ya Làìbéríà, ó ń bọ̀ lẹ́bàá etíkun títí ó fi dé Èkó ní oṣù kọkànlá. Ní ayé ìgbà yẹn, yanrìn ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Òde ni wọ́n ti ń ju ìdákọ̀ró, tí ìgbì yóò máa jù wọ́n sókè sódò, kí ọkọ̀ kékeré tó wá kó èrò. Èkó ni ibà ti kọ lu dókítà ọkọ̀ náà. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sórí ibùsùn rẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí pé òun gan-an ni dókítà, kò sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí kò lágbára ju ọmọ ọwọ́ lọ, ló gbọ́ pé ẹlòmíràn tí ibà náà mú ní àkókò kan náà ti kú.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1880 ni Laveran, dókítà ará Faransé, kọ́kọ́ rí kòkòrò àìfojúrí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ní Algeria, ọ̀pọ̀ kò sì gbà á gbọ́. Ọdún 1897 ni Ross, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò náà ń gbé. Nítorí náà, nígbà tí Conan Doyle dùbúlẹ̀ ní òde ọ̀sà Èkó, kò sí dókítà kan láyé tó lè sọ fún un pé ẹ̀fọn ló ṣe é. Kódà nígbà tó ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1924, ó ṣì ń sọ pé yálà kòkòrò ni o, yálà ẹ̀fọn ni o, ohun yòówù kó jẹ́ ti rí òun mú. Ká ní Èkó pa á ní 1881, kò ní sí Holmes, kò sì ní sí ìrìn £18 kankan ní Southsea.

N kò sọ pé ó fẹ́ràn ilẹ̀ wa. Ooru náà sú u, èbúté náà sú u, nígbà tí ọkọ̀ náà sì padà dé Liverpool ní oṣù kìíní 1882, lẹ́yìn tí iná ti sọ nínú ẹrù rẹ̀ lójú òkun, kò tún bá a lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ẹni tó lóye jù, tó sì kàwé jù, nínú gbogbo àwọn tí òun bá pàdé ní etíkun yẹn, aláwọ̀ dúdú ni: aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Monrovia, Henry Highland Garnet, ẹni tí wọ́n bí sínú oko ẹrú. Ní 1909 ló kọ odindi ìwé láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ìkà tí àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń hù ní Kóńgò. Mo gbà pé irúgbìn ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ọkọ̀ Mayumba, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ lè má gbà.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá lọ sí ìrìn yìí mọ̀, bí amọ̀nà kò tilẹ̀ ní sọ ọ́. Yunifásítì tó kọ́ Conan Doyle ló kọ́ àwọn dókítà àkọ́kọ́ tiwa náà. John Randle gba oyè ìṣègùn ní Edinburgh ní 1888, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Obadiah Johnson náà gba oyè MD níbẹ̀, òun sì ni dókítà tó jókòó ti ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Samuel Johnson, kọ, tó tún un tò lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n náà, títí ó fi jáde ní 1921. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ dókítà tó mú kálàmù, kò yẹ kí a gbàgbé tiwa.

Ẹ̀sùn mi kejì kan bí wọ́n ṣe parí ìrìn náà. Ọ̀rọ̀ tí amọ̀nà fi kádìí rẹ̀ ni pé Conan Doyle kò rọ́wọ́ mú nídìí iṣẹ́ dókítà, ìdí nìyẹn tó fi di òǹkọ̀wé. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyẹn, ó sì dùn létí. Òótọ́ ni pé nígbà tó kọ́ iṣẹ́ ojú díẹ̀ ní Vienna ní ìbẹ̀rẹ̀ 1891, tó wá ṣí yàrá dókítà ojú sí Upper Wimpole Street ní Lọ́ńdọ̀nù, aláìsàn kan ṣoṣo kò wọlé. Ó ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ ìtàn Holmes. Ní oṣù karùn-ún ni àrùn fúlúù dá a dùbúlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, orí ibùsùn yẹn ló sì ti pinnu láti máa fi ìwé kíkọ nìkan jẹun. Ṣùgbọ́n àìrí aláìsàn yàtọ̀ sí àìmọṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá 1890, nígbà tí gbogbo Yúróòpù ń yọ̀ pé Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ti rí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Berlin, Conan Doyle wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ náà; ó yá ìwé àkọsílẹ̀ dókítà ará Amẹ́ríkà kan kà, ó lọ wo àwọn aláìsàn fúnra rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù pé kí àwọn ènìyàn rọra, oògùn náà kò tíì fi ara rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ ló rí: oògùn Koch kò wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Dókítà àdúgbò láti Southsea ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀gá ńláńlá ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ikọ́ ẹ̀gbẹ lára Louisa, ìyàwó rẹ̀. Ó gbé e lọ sí òkè Davos, ní Switzerland, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, Louisa sì wà láàyè títí di 1906. Amọ̀nà wa kò dárúkọ àrùn yẹn rárá.

Ní 1900 pẹ̀lú, nígbà tó ti lówó, tó ti lókìkí, tó sì ti pé ẹni ogójì ọdún, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Bloemfontein, Gúúsù Áfíríkà, nígbà ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer, òyìnbó ìran Dutch tó tẹ̀dó síbẹ̀, jà. Àwọn Boer ti gé omi ìlú náà, ibà táífọ́ọ̀dù sì ń pa ọmọ ogun ju ìbọn lọ. Láti ibẹ̀ ló ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ó yẹ kí wọ́n gún gbogbo ọmọ ogun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kálukú láti yàn. Ta ni yóò wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí iṣẹ́ ìṣègùn kọ̀?

Ní ti ètò ìrìn náà fúnra rẹ̀: ẹni mọ́kànlá kò pọ̀ jù, gbogbo wa ló gbọ́ ohùn amọ̀nà dáadáa àfi ní ẹ̀bá òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ojú ọ̀nà tẹ́jú, ṣùgbọ́n kò sí ibi ìjókòó kankan láàárín wákàtí kìíní àti ààbọ̀, orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, kí a tó dé ilé tíì tí a ti sinmi. Wọn kò sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wọ bàtà tó dára, ẹ mú aṣọ òtútù dání bí ooru tilẹ̀ mú, kí ẹ sì ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yóò sú ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìlá. Owó náà kò pọ̀ jù fún ohun tí a rí, bí ẹ bá ti mọ̀ pé ìtàn lẹ ń rà, kì í ṣe ilé.

Lẹ́yìn ìrìn náà, àwa méjèèjì dá lọ sí Portsmouth Museum, níbi tí ìlú náà ti pàtẹ díẹ̀ lára ohun tí Richard Lancelyn Green kó jọ nípa Conan Doyle ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó sì fi sílẹ̀ fún ìlú náà nígbà tó kú ní 2004. A kò san kọ́bọ̀ láti wọlé, ẹ̀gbọ́n mi sì rí ibi jókòó sí. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lọ síbẹ̀ ṣáájú ìrìn náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti wo àwọn ìwé àti àwòrán wọ̀nyẹn ni yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi amọ̀nà.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ náà kò gùn. Mo dúpẹ́ nítorí ìtàn oṣù kẹsàn-án 1879, mo sọ ti ibi ìjókòó, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún ìrìn náà ní ẹ̀bá òkun, kí wọ́n sọ fún àlejò pé dókítà tí wọ́n ń wá yìí ti dùbúlẹ̀ àìsàn ní òde ọ̀sà Èkó kó tó dé Elm Grove. Ní ọjọ́ kẹta, amọ̀nà náà fúnra rẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní òun ti rí i nínú ìwé ìtàn ayé tí Conan Doyle kọ, pé òun máa ń ṣí ojú ewé náà kọjá ni. Ó sì béèrè bí a ṣe ń pe orúkọ ìlú náà lédè àwọn tó ni ín, kí òun má baà ṣì í pè lójú àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe Èkó fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní kó tún un pè títí ó fi já geere.